Ẹ̀kúnwọ́ Tí Màámi Máa Ń Bù Padà

Sọ́ńdè, 4 Júùnù 1989

Ìwé ìṣirò mi ti ọdún tó kọjá ni mo ń kọ èyí sí, torí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì mọ́. Wẹ́wẹ́ ni màá máa kọ ọ́, bí ẹsẹ̀ èèrà. Ọjọ́ tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, mi ò ní fi íǹkì ṣòfò lé e lórí.

Òní la ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ Màámi. Àkàrà tá a fi ṣe sàárà kéré débi pé ààfáà kan mú un dání, ó wò ó títí, ó ní kí Ọlọ́run bù sí i. Mo ṣe àmín fún Màámi. Àṣé àkàrà ló ń ṣàdúà fún. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àfi ìgbà tí mo rántí ẹni tó kú.

Ìyá Ìwó, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi obìnrin, ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo eyín Fàlílù àbúrò mi bí ẹni fẹ́ ra àgbò. Kí wọ́n tó gbé báàgì wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ kan lójú gbogbo wa.

"Àmọ̀dá, ogójì ni mo tún ń bọ̀. Bí sàárà ìyàwó ẹ bá kúrò nílẹ̀ bíi ti ọmọ èèyàn, mo mọ̀ pé ilé ẹ ṣì dúró. Bó bá tún jẹ́ irú èyí, Fàlílù á bá mi lọ sí Ìwó. Mi ò ní fi ọmọ ọdún méje sílẹ̀ nínú ilé tí kò sẹ́ni tó dì í mú."

Bàbá ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ohùn Bàbá kéré ju àkàrà yẹn lọ.

Ìyá Ṣóbándé, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, bá mi fọ abọ́. Wọ́n ní títí ogójì ọjọ́ á fi pé, òkú ò tíì kúrò nílé, ó kàn ń yí ohun tó fi sílẹ̀ ká ni. Wọ́n ní bí mo bá gbọ́ tí wọ́n pè mí, tí mi ò rí ẹni tó pè mí, mi ò gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìyá Sọ́ọ̀sì ni wọ́n o. Wọ́n mọ̀ nípa òkú ju gbogbo ààfáà Joju lọ.

Àtàláátà, 6 Júùnù

Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan ṣọ́ lò tó Màámi ní Joju. Kí ni mò ń sọ, ní gbogbo Nàìjíríà ni. Ìṣáná kan, wọ́n á fi bíléèdì là á sí méjì. Ọṣẹ tó ti tín-ín-rín bí ewé, wọ́n á lẹ mẹ́ta pọ̀, á di ọṣẹ tuntun. Ìgò òróró tó ti tán, wọ́n á dorí ẹ̀ kodò sínú ife mọ́jú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, òróró tó lè dín ẹyin á ti wà nínú ife, bí ẹyin bá wà.

Ẹ̀wà ló wá le jù. Tí wọ́n bá ti wọn èyí tá a máa sè tán, wọ́n á tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan padà sínú agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní inú wa ò lè mọ̀ pé ó dín. Bàbá máa ń pè wọ́n ní Ahun. Nírọ̀lẹ́, Bàbá á wà nínú yàrá, wọ́n á fi orúkọ mi pe Màámi, "Ìyá Kàfá". Màámi á dáhùn láti ìdí iná, "Mo wà ńbí o", wọ́n á fa "o" yẹn gùn bí ẹni ń kiri mọ́ínmọ́ín. Bàbá á wá ní, "Ṣé o ti bù ú padà, Ahun?" Àwàdà ni nígbà tí kọ́ńpìnnì òwú ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí wọ́n ní kí Bàbá máa wá níjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, Bàbá ṣì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ti kúrò ńbẹ̀.

Ní báyìí tí kò sí Màámi, Bàbá ń tan àtùpà bí ẹni fẹ́ ki ọkọ̀ òfúrufú káàbọ̀. Fàlílù ń fi ọṣẹ wẹ̀ bí ẹni ń fọ tírélà. Mo ní kí wọ́n rọra, wọ́n wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́ tó dédé sọ̀rọ̀. Gàrí ti di náírà mẹ́rin kọ́ńgò kan ní ọjà Sango, obìnrin tó ń tà á tún ń fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí ẹ̀ dànù bíi pé góòlù ni.

Agolo bisikíìtì ò tó ìlàjì. Sàárà ogójì ò lè jáde nínú ẹ̀. Mo ti fi ìṣó fa ìlà sínú ẹ̀ kí n lè mọ ibi tó dé. Agolo yìí gbọ́dọ̀ kún. Ẹ̀wà ló máa dá Fàlílù dúró sílé.

Àlàmísì, 8 Júùnù

Orí mi pé ju ti ọba lọ. Kí wọ́n tó pe asùbáà, mo mú bíléèdì tí Bàbá fi ń fá irùngbọ̀n, mo la gbogbo ìṣáná inú páálí sí méjì-méjì bí Màámi ṣe máa ń ṣe é, láti ìdí lọ sórí, kí oògùn orí ẹ̀ pín dọ́gba. Mẹ́ta bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dá páálí padà, mo sùn bí ọmọ tuntun.

Bàbá jí, wọ́n fẹ́ tan àtùpà ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ tí páálí ṣí. Mi ò wá gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó pẹ́ débi pé mo rò pé wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà wọ́n ti dé.

Wọ́n ní, "Kàfá, ta ló la ìṣáná?"

Mo fi ohùn oorun sọ pé mi ò mọ̀.

Fàlílù ti dìde jókòó lórí ẹní. Ó ní, "Màámi ni."

Bàbá ò sọ pé irọ́ ni. Wọ́n tan àtùpà, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn yí iná ẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi kù bí èékánná.

Sọ́ńdè, 11 Júùnù

Ó ń ṣiṣẹ́ bí idán. Lánàá mo lẹ ọṣẹ pọ̀. Lónìí mo dorí ìgò òróró kodò. Fàlílù wá ń fi omi ife kan wẹ̀, ó ń rọra fi ọṣẹ kan ara bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ kí gàrí kù sídìí abọ́ mọ́. Èmi tí wọn ò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ní ààyè mi, mo kàn yá ọwọ́ òkú lò ni, gbogbo ilé tò bí sójà.

Bí Màámi bá rí mi, wọ́n á kọ́kọ́ gbá mi létí, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín.

Àtìní, 12 Júùnù

Òjò látàárọ̀. Páánù wa ń jò níbi mẹ́ta. Mo gbé abọ́ sí i, a fi omi ẹ̀ fọṣọ.

Àlàmísì, 15 Júùnù

Ìta ni mo ti ń kọ èyí, mi ò tíì fẹ́ wọ yàrá.

Mo yọ agolo lónìí láti bu ẹ̀kúnwọ́ tèmi sí i. Ẹ̀wà ti kọjá ìlà. Kì í ṣe díẹ̀. Mo mọ iye tí mo ti bù síbẹ̀, mi ò tíì bù tó bẹ́ẹ̀. Mo bi Fàlílù bóyá ó fọwọ́ kan agolo. Ó búra, ó ní òun ò jẹ́ fọwọ́ kan ohun tí Màámi ń tọ́jú.

Irun orí mi dìde bí ìgbálẹ̀. Mo ti agolo padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sá lọ jókòó ti Ìyá Ṣóbándé bíi pé mo fẹ́ bá wọn ṣa ẹ̀fọ́.

Sọ́ńdè, 18 Júùnù

Ó tún ti lé sí i. Mo da díẹ̀ sórí àtẹ wò ó. Ẹ̀wà funfun ni mò ń rà, òun ló rọjú. Èyí tó wà lókè jẹ́ ẹ̀wà olóyin. Màámi kì í fẹ́ ra ẹ̀wà mìíràn tí owó bá wà, wọ́n ní ó máa ń wú, ó sì máa ń tètè jinná, kì í jẹ iná. Mo rí òwú àpò wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀, àti yanrìn.

Yanrìn. Ibi tí wọ́n gbé Màámi sí ní Ọ̀tà, yanrìn ni gbogbo ẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí wọ́n ń bò ó.

Mi ò wá mọ ohun tí mo pè wọlé. Mo ń ṣeré pé Màámi wà nílé. Tí wọ́n bá wà nílé ńkọ́? Tí wọ́n bá ń wò mí nígbà tí mò ń fi bíléèdì la ìṣáná, tí wọ́n ń sọ lọ́kàn wọn pé ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n là?

Àlàrùbá, 21 Júùnù

Bàbá ti rù. Bí wọ́n bá dúró ti ọ̀pá aṣọ, mi ò ní mọ èwo ni Bàbá. Wọn ò jẹun alẹ́, wọ́n ní àwọn ti jẹun ní kántíìnì ibi iṣẹ́. Òwú àjákù tí wọ́n máa ń mú bọ̀ láti kọ́ńpìnnì, tí Màámi fi ń ṣe òwú àtùpà, wọn ò mú un bọ̀ mọ́. Wọ́n ní ọ̀gá Íńdíà ti ní kí wọ́n máa tú àpò wọn wò ní geètì.

Fàlílù ti wá burú jù. Tó bá ti wọlé báyìí, á to bàtà ẹ̀, á ní, "Màámi, mo ti dé o." Á dúró díẹ̀, á wá mirí bíi pé wọ́n dá a lóhùn.

Sátidé, 24 Júùnù

Mo fẹ́ sọ fún Fàlílù pé èmi ni. Mo yanu. Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Àtàláátà, 27 Júùnù

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ṣóbándé ní òróró ẹ̀pà dínwó ní Ìyànà Ìyẹ̀sí. Sàárà ti ń sún mọ́lé, àkàrà ò sì ní fi omi dín ara ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín láti Joju kí n má san owó ọkọ̀. Nígbà tí mo dé, ìsàlẹ̀ bàtà mi ti tín-ín-rín débi pé mo lè gba inú ẹ̀ ka ìwé ìròyìn.

Tírélà kan láti Òkè Ọya dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń já ẹ̀wà. Àwọn alábàárù tò, wọ́n ń ru àpò wọ ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀kan kéré ju àpò orí ẹ̀ lọ, ọrùn ẹ̀ ti wọnú èjìká tán. Mo fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀ fún obìnrin olóróró. Mo wá rí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó yí inú ẹ̀ síta kí orúkọ kọ́ńpìnnì má bàa hàn. Torí pé inú ló wà níta, mo rí àlẹ̀mọ́ abẹ́ apá, òwú pupa lára aṣọ búlúù. Ojú mi ni Màámi ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá. Òwú búlúù ti tán lọ́jọ́ yẹn, wọn ò fẹ́ ra òmíràn.

Mo sá sẹ́yìn àwọn gálọ́ọ̀nù òróró.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, wọ́n gbá ilẹ̀ ẹ̀, wọ́n pín ẹ̀wà ìgbálẹ̀ fún àwọn tó já ẹrù. Bàbá fi fìlà gba tiwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò níbẹ̀, wọ́n wá dà á sínú ọ̀rá, wọ́n fi sápò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ alábàárù bíi tiwọn ń bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Joju, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà, ṣé ẹyẹlé lẹ ń sìn ni?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀."

Mi ò ra òróró. Mo gbàgbé pé òun ni mo wá rà. Ẹsẹ̀ náà ni mo tún fi rìn padà, mi ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Àlàrùbá, 28 Júùnù

Oorun ò kùn mí. Nígbà tí ojú ọ̀run ń là, mo dìde, mo fẹ́ lọ gbé ife òróró kúrò lábẹ́ ìgò. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì nígbà tí Bàbá dìde, wọ́n kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fa agolo yọ. Mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà. Ife wà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n da ẹ̀wà inú ọ̀rá sí i díẹ̀díẹ̀ kó má pariwo. Wọ́n ní:

"Ìyá Kàfá, tàná rèé. Ó ní yanrìn díẹ̀, mo ṣà á títí. Wọ́n ti dá wa dúró níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ tó o lọ náà ni. Mi ò tíì sọ fún àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ìwọ ti mọ̀. Àtìgbà tí mo ti rí ìṣáná ni mo ti mọ̀ pé o ò sinmi." Wọ́n fọwọ́ tẹ́ ojú ẹ̀wà náà. "Ahun tí mo ń pè ẹ́ yẹn. Ìwọ lò ń bọ́ mi, èmi ni mò ń fi ẹ́ ṣẹ̀fẹ̀. Bó o bá ti dárí jì mí, jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan."

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn ju títì Ìdírókò lọ. Mo wá rí i pé tí mi ò bá ṣe nǹkan kan, ibẹ̀ ni Bàbá máa wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo fi èékánná kan ife, lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá ní, "Ó ṣeun." Wọ́n ti agolo padà, wọ́n lọ kírun.

Mo ti fi orúkọ ìyá mi dárí ji bàbá mi, mi ò sì béèrè lọ́wọ́ ìyá mi. Mi ò rí ohun tí mo lè fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú ẹ̀. Mo ti wá a.

Sátidé, 1 Júláì

Mo jáwọ́. Mi ò la ìṣáná, mi ò lẹ ọṣẹ. Mo ní kó parí báyìí, kí Màámi lọ sinmi, kí èmi náà sinmi.

Àtìní, 3 Júláì

Kò ṣeé ṣe.

Lánàá Bàbá ra ìṣáná tuntun. Lónìí wọ́n ṣí páálí, wọ́n wò ó, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Odindi ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lọ síbi kankan fún ìgbà pípẹ́. Fàlílù gbé ọṣẹ wá fún mi, ó ti já sí wẹ́wẹ́. Ó bi mí ohun tí òun ṣe tí Màámi fi ń bínú.

Mo tún mú bíléèdì. Mo jókòó lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mò ń sunkún, mò ń la ìṣáná. Èmi ni mo pe Màámi wọlé fúnra mi, mi ò wá lè lé wọn lọ.

Àlàrùbá, 5 Júláì

Agolo kún dé ẹnu. A da ẹ̀wà sómi lọ́sàn-án, a bó o, Ìyá Ṣóbándé bá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ẹlẹ́rọ ní ṣé ìgbéyàwó la fẹ́ ṣe ni. Ìyá Ṣóbándé ló yọ̀ǹda òróró, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ dúpẹ́, kí n má ṣáà jẹ́ kí àkàrà jóná ni.

Ìyá Ìwó dé lẹ́yìn àsárì. Wọ́n ti gbọ́ ní gáréèjì Sango pé kọ́ńpìnnì òwú ti lé èèyàn. Wọn ò bi Bàbá. Wọ́n kàn bi Fàlílù bóyá aṣọ ẹ̀ tó ẹyọ mélòó.

Àlàmísì, 6 Júláì

Ogójì.

Àkàrà wa tóbi bí ìkúùkù agbábọ́ọ̀lù. Ó yí gbogbo ojúlé tó wà nínú ilé yìí ká, ó dé ilé kejì, ó dé ọ̀dọ̀ fọganáísà. Ààfáà ọjọ́ kẹjọ yẹn mú méjì lẹ́ẹ̀kan, kò gbàdúà kí Ọlọ́run bù sí i. Ìyá Ìwó jẹ ọ̀kan, wọ́n jẹ èkejì. Mo rò pé a ti borí.

Wọ́n wá ní kí Fàlílù fún àwọn ní ìṣáná kí àwọn fi tan tùràrí. Ó gbé e wá. Wọ́n ṣí páálí, wọ́n mú ọ̀kan jáde, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Ta ló la èyí?"

Fàlílù yọ̀ dáhùn kí n tó gbà á lẹ́nu. Ó ní, "Màámi ni. Wọ́n máa ń là á kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n máa ń lẹ ọṣẹ náà. Àwọn ni wọ́n kó ẹ̀wà jọ."

Àwọn ààfáà wo ara wọn. Ìyá Ìwó gbé páálí kalẹ̀ bíi pé ó gbóná.

"Àmọ̀dá. Òkú ń ṣiṣẹ́ ilé nínú ilé ẹ, o sì ń tẹ́ ẹní fún ọmọ síbẹ̀. Kó ẹrù ọmọ yìí fún mi. Ààrọ̀ ọ̀la ò ní bá a níbí."

Mo wo Bàbá. Bàbá ń wo agolo. Mo rí i lójú wọn pé tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú Fàlílù àti Màámi, wọn ò mọ èyí tí wọ́n máa mú.

Mo ní, "Èmi ni."

Ìyá Ìwó ní kí n má purọ́ torí àbúrò mi.

Mo ní, "Èmi ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń la ìṣáná. Èmi ni mò ń lẹ ọṣẹ. Ẹ̀wà, èmi àti Bàbá ni. Tèmi ni funfun. Bàbá ló ń mú olóyin bọ̀ láti Ìyànà Ìyẹ̀sí."

Mi ò wo ojú Bàbá nígbà tí mo sọ èyí tó kẹ́yìn.

Ìyá Ìwó ní kí n là á lójú àwọn. Mo mú bíléèdì. Gbogbo wọn yọrùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́ta ló bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lónìí, mo fi bíléèdì sídìí, mo rọra tì í, ó là tẹ́ẹ́rẹ́ dé orí, oògùn ẹ̀ pín dọ́gba. Mo gbé méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Ìwó.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyá ẹ gan-an rèé."

Wọ́n fi ìdajì kan tan tùràrí. Wọ́n dá ìdajì kejì padà sínú páálí, wọ́n pa á dé. Wọn ò tún dárúkọ ẹrù Fàlílù mọ́.

Jímọ̀, 7 Júláì

Ìyá Ìwó ti lọ. Àwọn nìkan ni wọ́n lọ.

Fàlílù kọ ẹ̀yìn sí mi lórí ẹní láti àná. Nígbà tó fẹ́ wọlé lónìí, ó yanu láti kí Màámi, ó wá pa ẹnu dé. Ó ní èmi ni mo pa Màámi. Mo ní ibà ló pa wọ́n. Ó ní ìyẹn ni àkọ́kọ́.

Sọ́ńdè, 9 Júláì

Bàbá ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí. Wọ́n ń kí mi bí àlejò. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ńpìnnì lọ sí Ìyànà Ìyẹ̀sí, ojú ẹ̀ síta.

Agolo ṣófo. Mo kàn án, ó ń dún bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú ẹ̀. Mò ń dúró kí nǹkan kan tí kì í ṣe èmi ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí. Kí òróró kán. Kí ẹnì kan yí iná wálẹ̀. Mo dorí ìgò kodò, mo sì mọ̀ pé èmi ni.

Àtìní, 10 Júláì

Iléyá ti dé tán. Àgbò ilé kejì ń ké bíi pé ó mọ̀.

Òjò ṣú nírọ̀lẹ́, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú. Mo wà ní ìdí iná, mò ń wọn ẹ̀wà. Mo dà á sínú ìkòkò. Mi ò ro nǹkan kan o, Ọlọ́run ń gbọ́. Ọwọ́ mi kàn padà wọ inú ẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo sì rí i tó ń lọ sínú agolo kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ni.

Fàlílù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná. Ó rí i. Ó dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

Bàbá pè láti inú yàrá. Mi ò rí wọn, ilẹ̀ ti ṣú. Ohùn wọn nìkan ni mo gbọ́.

"Ìyá Kàfá."

Fàlílù wò mí. Mo rántí ohun tí Ìyá Ṣóbándé sọ, pé mi ò gbọ́dọ̀ dáhùn. Òjò bẹ̀rẹ̀ sórí páánù. Bàbá ò tún un pè, wọ́n kàn ń retí.

Mo ní, "Mo wà ńbí o."

"O" yẹn gùn bó ṣe yẹ kó gùn.

Bàbá ní, "Ṣé o ti bù ú padà?"

Fàlílù ti sún mọ́ mi, ó ti gbé orí lé mi léjìká. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú agolo.

Mo ní, "Mo ti bù ú padà."